Pákó Orí Ààrò Tí Dádì Kàn ní Abu Shagara

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi kan ibi ìdáná sára ògiri pálọ̀ wa ní Sharjah. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé apá ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ibi ìdáná kẹ̀? Ní ìlú tí òòrùn ti ń se omi inú táńkì lórí òrùlé, tó fi jẹ́ pé lóṣù kẹjọ, omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní tútù gbọ́dọ̀ wà nínú báfù láti àárọ̀ kó tó ṣeé wẹ̀ nírọ̀lẹ́? Ẹ ní sùúrù fún mi. Orí bàbá mi pé. Ọ̀rọ̀ náà nídìí.

Abu Shagara là ń gbé, ní àjà kẹta ilé kan tí àwọn tó ń ta mọ́tò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó o bá yọjú lójú fèrèsé wa, orí mọ́tò lo máa rí lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń fi aṣọ nù ní gbogbo ìgbà nítorí iyanrìn. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn nínú ilé. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu iyanrìn kúrò lójú fèrèsé, ojoojúmọ́ ló ń padà wá bí àlejò tí kò mọ ilé rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi Táyọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, la sì máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ ra kúbúsì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí àwọn ará Afghanistan ń yọ gbígbóná látinú ààrò amọ̀. Kí a tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ìdajì ọ̀kan á ti wọ ikùn wa. Mọ́mì á wò ó, wọ́n á ní, "Eku Abu Shagara mà ti mọ adùn kúbúsì gbígbóná o." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu ẹ̀wà aláta sí i fún wa, a ó sì jẹ ẹ́ bíi pé a ò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Ẹrù ni Dádì ń bá àwọn oníṣòwò wa dì. Wọ́n á ti Èkó wá, wọ́n á ra aṣọ àti ìkòkò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjà Deira, Dádì á kó o sínú àpótí onígi, á sì bá wọn gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Òórùn páálí tuntun ni mo fi ń mọ̀ pé Dádì ti wọlé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mọ́mì, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣòwò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jos, ẹ mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù Èkó. Àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà láyé àtijọ́ ló kọ́ ilé tí àwọn Mọ́mì gbé, ibi ìdáná sì wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ààrò inú ògiri tí èéfín rẹ̀ ń gba ihò jáde lórí òrùlé. Pákó gbọọrọ kan wà lórí ààrò náà, pákó tí kò dán, tí ojú àáké ṣì hàn lára rẹ̀. Orí pákó yẹn ni wọ́n ń gbé aago sí, àti Bíbélì bàbá wọn, àti fọ́tò gbogbo ẹni tí wọ́n bí nínú ilé. Nígbà ọyẹ́, ìyá wọn á jókòó síwájú iná, á ri ànàmọ́ sínú eérú gbígbóná, gbogbo ọmọ á sì dúró dè é bí ológbò. Bí Mọ́mì bá ń sọ ìtàn yìí, a máa ń gbọ́ òórùn ànàmọ́ náà.

Ọdún yẹn ni ìyá wọn kú. Ìwé ìrìnnà wa wà níbi tí wọ́n ti ń tún visa wa ṣe, kò sì sí bá a ṣe lè gbà á kíákíá. Wọ́n ti sin màmá kí ìwé wa tó jáde. Mọ́mì kò pariwo, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọrin tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń gé àlùbọ́sà, nígbà tó yá mo ṣàkíyèsí pé ọ̀bẹ nìkan ni mò ń gbọ́ láti kíṣínì.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lóṣù kọkànlá, Mọ́mì ń ká aṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kàn ṣàdédé sọ fún Dádì pé, "Bí mo bá fẹ́ rántí ojú ìyá mi, iwájú iná yẹn nìkan ni mo ti ń rí i." Lọ́jọ́ kejì Dádì mú téèpù wálé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri pálọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣòro ni pé Dádì kì í ṣe kàfíńtà. Bàbá wọn ni kàfíńtà, ọ̀kan gbòógì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dádì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún ọdún méjì, títí di ọjọ́ tí wọ́n kan àga kan, tí alágbà ìjọ jókòó lé e, tí àga àti alágbà sì jọ balẹ̀. Níwájú gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni bàbá wọn ti sọ pé, "Ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọwọ́ igi. Lọ wá nǹkan míì fi í ṣe." Dádì máa ń fi sọ àwàdà fún wa, wọ́n á fara wé alágbà náà bó ṣe ṣubú, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá wọn kú, tí wọ́n fi ìfági rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, Dádì wé e sínú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bá wa dé Sharjah láìfá igi kankan.

Etí omi ní Sharjah, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ ojú omi onígi ṣe, ni Dádì ti rí pákó náà. Wọ́n ń tú ọkọ̀ àtijọ́ kan palẹ̀, wọ́n sì fún Dádì ní pákó kan lára rẹ̀, èyí tó nípọn, tó gùn ju ènìyàn lọ, tó dúdú bí àgbálùmọ̀ tó ti gbẹ, tí ihò ìṣó wà lára rẹ̀ káàkiri. Orí mọ́tò ni wọ́n so ó mọ́ wá sílé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní nàtúr, yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi Dádì pé, "Ọkọ̀ tó kù dà?"

Lẹ́yìn ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù Chacha Rafiq wà. Ará Pakistan ni wọ́n, wọ́n fi làálì pa irùngbọ̀n wọn láró, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń kàn. Àbúrò bàbá ni Chacha túmọ̀ sí lédè wọn, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ni Dádì lọ bá. Chacha fẹ́ fá pákó náà títí á fi máa dán bí dígí. Dádì ní rárá, kó rí págunpàgun bó ṣe rí, kí ojú àáké hàn, kí ihò ìṣó hàn. Chacha mi orí. "Madam á bínú," ni wọ́n wí. "Á ní igi tí wọ́n jí ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Dádì yọ ìfági bàbá wọn jáde, Chacha sì bá wọn pọ́n ojú rẹ̀. Iyọ̀ òkun tó ti gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fá kúrò, lẹ́yìn náà ni gbogbo ibi tó lè gún èèyàn lọ́wọ́. Òórùn tó jáde lára igi yẹn kò kúrò nímú mi títí dòní, ó dà bí ata àti epo àti ẹja gbígbẹ pọ̀. Igi àpótí ẹrù ni wọ́n fi ṣe òpó méjèèjì tí yóò dúró lábẹ́ pákó náà. Dádì gé òpó àkọ́kọ́ kúrú, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Chacha gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn. "Khalas," ni wọ́n wí, ìyẹn ni pé ó ti parí. "Igi pọ̀. Gé òmíràn." Èkejì ṣe wẹ́kú. Mo rí bí Dádì ṣe rọra fọwọ́ pa á, tí wọn kò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè, wọ́n ti Mọ́mì mọ́ kíṣínì. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ògiri láàárín òpó méjèèjì kó lè dà bí ihò ààrò, wọ́n fi síkúrù de irin méjì tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ògiri, wọ́n sì gbé pákó náà lé e. Mọ́mì jáde. Wọ́n fọwọ́ tọ́ pákó náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, wọ́n ki ìka kan bọ inú ihò ìṣó. Wọ́n wá wọ yàrá lọ, wọ́n gbé fọ́tò ìyá wọn jáde, wọ́n gbé e sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Aago tẹ̀ lé e, àti àwo méjì tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó. Dádì ti hítà oníná pupa wa sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n tàn án. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n iná ni, iná gidi. Bí Mọ́mì ṣe ń gé àlùbọ́sà lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ orin.

Dádì di ẹlòmíràn. Kò sí oníṣòwò tó wá wo ẹrù rẹ̀ nílé wa tí wọn kò mú lọ síwájú ògiri. Alhaja kan láti Èkó wò ó títí, ó bi wọ́n pé, "Ṣé ibi tẹ́ ẹ ti ń yan ẹja ni?" Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wá bà á jẹ́.

Ọjọ́rùú ni, ọjọ́ tí ilé ìwé ń parí lọ́sẹ̀, nítorí Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi wa. Dádì wà ní Deira, Mọ́mì sì sọ̀kalẹ̀ lọ ra tòmátì. Èmi àti Táyọ̀ ń ṣeré ọ̀bọ. A gbé àpótí ìjókòó síwájú ààrò, Táyọ̀ gùn ún, ó di etí pákó mú, ó so rọ̀, kò sí nǹkan kan. Ó wá kàn mí. Èmi ò lè so rọ̀ lásán, àfi kí n fì. Mo fì síwájú, mo fì sẹ́yìn, mò ń kà á sókè. Bí mo ṣe pe ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ kẹ́ẹ́ lára ògiri, èmi àti pákó àti gbogbo ẹrù orí rẹ̀ sì jọ wálẹ̀. Gíláàsì fọ́tò màmá fọ́. Aago dákẹ́. Àwo ìgbéyàwó méjèèjì di wẹ́wẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, mo fa apá aṣọ bò ó. Mo wá kọjú sí Táyọ̀ pé bó bá sọ̀rọ̀, mi ò ní mú un lọ wẹ̀ ní etíkun Al Mamzar mọ́, bíi pé èmi ni mò ń wa mọ́tò.

Mọ́mì dé. Wọ́n béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní yàrá la wà. Mo ní ó kàn já ni. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú fọ́tò náà, wọ́n gbọn gíláàsì kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé e mọ́ àyà lọ sínú yàrá.

Nígbà tí Dádì dé, wọ́n kúnlẹ̀ ti ògiri náà, wọ́n mú síkúrù kan, wọ́n ń yí i lọ́wọ́ títí. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ti sọ ọ́."

Chacha gòkè wá wò ó. Wọ́n mú ọ̀kan nínú irin méjèèjì, ó ti tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́. "Pákó yìí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí, ojú wọn sì gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Dádì kò gbọ́ tiwọn. "Khalas, Chacha. Ọwọ́ mi ni kò dáa." Wọ́n gbé pákó náà sí bákónì, wọ́n ní tí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ ìsìn wa níbẹ̀, àwọn á gbé e lọ síbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ìfági padà sínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Mo ti rò pé inú mi á dùn pé ẹgba kò kàn mí. Ṣùgbọ́n Mọ́mì dín dòdò ní Ọjọ́bọ̀, dòdò tí mo lè tìtorí rẹ̀ ta Táyọ̀, ó sì rí lẹ́nu mi bíi páálí. Oníṣòwò kan wá, Dádì fún un ní àga tó kẹ̀yìn sí ògiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mo ti ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ irọ́ pípa ni wọ́n máa fi kọ́ àwa ọmọdé. Kì í ṣe irọ́. Nóà ni, ọkùnrin tó kan ọkọ̀ onígi tí kò já. Mo sunkún níbẹ̀, tíṣà rò pé àwọn tó kú sómi ló ń ṣe mí láàánú.

Bá a ṣe délé, Dádì bọ́ aṣọ ìsìn, wọ́n gbé pákó náà lé èjìká. Mo sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ."

"Kí ló dé, Morẹ́? Kúrò lọ́nà, ó wúwo."

"Èmi ni. Èmi ni mo so rọ̀ mọ́ ọn. Mò ń ṣe bí ọ̀bọ."

Wọ́n dúró. "O ṣe kí ni?"

"Mò ń fì, sà. Mo fì lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Táyọ̀ yọjú lẹ́yìn Mọ́mì. "Èmi náà so rọ̀, ṣùgbọ́n tèmi ò já."

Dádì rọra gbé pákó náà sílẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń fojú wọn ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mi ò tínrín nígbà yẹn. "Lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Pẹ̀lú gbogbo ara rẹ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n jókòó lórí pákó náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí omi fi ń dà lójú wọn, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín parí tí nǹkan míì bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Morẹ́, ṣé o gbọ́? Ó gbé odidi ọmọ yìí! Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin!"

Mọ́mì ní tiwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n kọjú sí ògiri, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí ìrẹsì á fi jinná. Ìrẹsì ọjọ́ yẹn kò tètè jinná. Wọ́n tẹ̀ba sí etí mi, wọ́n ní, "Àwo tó o fọ́, àwo ni. Dádì rẹ lo fẹ́ fọ́." Mo ti gbàgbé ìrora apá mi, mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Dádì náà ní ìjìyà tiwọn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá ti ilé ìwé dé, sáńpépà ni wọ́n ń fún mi, kí n fi ra gbogbo ibi tí pákó náà ti bó. Táyọ̀ ló ń gbá ìyẹ̀fun igi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ pákó náà tán, mo mọ ihò ìṣó kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi. Dádì á wá jókòó tì mí, wọ́n á fi ìfági tọ́ ibì kan sí i, wọ́n á máa sọ nípa bàbá wọn, kì í sì í ṣe ti alágbà tó ṣubú mọ́. Wọ́n sọ bí bàbá wọn ṣe ń fi eyín di ìṣó mú, àti bó ṣe ń fi ìyẹ̀fun igi dáná yan àgbàdo fún wọn.

Nígbà tí wọ́n tún máa gbé e sókè, Chacha ní ògiri níhìn-ín rọ̀ jù, ibi tí òpó kankéré wà ni kí wọ́n sún un sí. Wọ́n gbé dírìlì ńlá wá, ó ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí nàtúr fi gòkè wá béèrè bóyá à ń wó ilé ni. Bóòtù gígùn ni wọ́n fi dè é lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Dádì bọ́ bàtà. Wọ́n nawọ́, wọ́n di etí pákó náà mú, wọ́n ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọkùnrin gbàǹgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n so rọ̀.

"Yéè! Bàbá Morẹ́!" ni Mọ́mì ké.

"Bas! Bas!" ni Chacha ń pariwo, pé ó tó.

Pákó náà kò mì. Ojú Dádì ti pọ́n, síbẹ̀ wọ́n yíjú sí mi. "Morẹ́, máa kà á." Mo kà á dé mẹ́wàá kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní kí Mọ́mì wá gbé fọ́tò ìyá wọn sí i. Kérésì ọdún yẹn, káàdì tó wà lórí pákó náà pọ̀ débi pé aago fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè.

Ọdún ti gorí ọdún. Dádì àti Mọ́mì ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì kó pákó náà dání, Dádì fúnra wọn ló dì í. Wọ́n ti ń kan àga báyìí fún ìjọ wọn. Mo gbọ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń mì, àwọn alágbà sì ń rọra jókòó.

Èmi wà ní Muwaileh pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi, Sharjah kan náà, ìlú míì. Pákó ìkówèé mẹ́ta wà lára ògiri wa. Ọkùnrin kan tí mo fi fóònù pè ló wá kàn án mọ́ ibẹ̀ kí tíì mi tó tutù. Ó ṣe é dáadáa, ó kí mi, ó lọ, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìrọ̀rùn ni, mi ò sì kórìíra ìrọ̀rùn. Omi ẹ̀rọ wa tutù lóṣù kẹjọ. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ rí ojú àwọn àgbà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á tẹ fóònù, wọ́n á rí wọn, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí Mọ́mì ì bá fi ohun gbogbo rà lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ẹ má ṣàánú wa, ayé dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí oṣù kìíní ìgbà náà, nígbà tí òtútù bá mú díẹ̀, tí gbogbo ilé sì ní pálọ̀ kan, hítà kan, ẹní kan àti abọ́ ẹ̀pà kan. Dádì á na ẹsẹ̀, Mọ́mì á fẹ̀yìn ti òpó, èmi àti Táyọ̀ á máa tara wa síbi tó súnmọ́ iná jù. Lónìí yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀, gbogbo ọmọ ló sì ní àyè tó tó o. Wọn kò jà du àyè kankan rí. Wọn ò mọ̀ pé ìjà yẹn dùn.